Ààwẹ̀ Gígùn àti Ẹran Ara Wa

Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun níbí, láti sààrì dé ìṣínu nínú Ràmàdáànì, bíi wákàtí 14 ni. Ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú pamọ́ ni ara máa ń ná jù nígbà náà. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta gbáko tàwa ará ṣọ́ọ̀ṣì ló yàtọ̀. Tó bá ti tó bí ọjọ́ kan, ṣúgà ẹ̀dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ara á kọjú sí ọ̀rá, ṣùgbọ́n ọpọlọ ṣì ń bèèrè ṣúgà, ni ara bá ń fá lára ẹran apá àti itan láti fi ṣe é. Ọmọ ogún ọdún á tètè rí tirẹ̀ gbà padà. Àwa tá a ti lé ní 60 ńkọ́, tí ọjọ́ orí ti ń bù ú jẹ tẹ́lẹ̀?

Wọ́n ní ààwẹ̀ ń sọ àgbà dọ̀dọ́. Lóòótọ́, Yoshinori Ohsumi, ará Japan, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2016 lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tún ìdọ̀tí inú ara rẹ̀ lò nígbà ebi. Inú ìwúkàrà ló ti rí i. Ìwúkàrà kì í sì í gbé ìyáàlù kọ́ èjìká o! Kò tíì sí ẹ̀rí pé ó fi ọdún kún ẹ̀mí ènìyàn.

Tẹ́ ẹ bá ṣínu, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja. Ẹ máa dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìfọwọ́ tì í. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó rí dókítà ná kó tó gbààwẹ̀.