Àìsàn Tí Ojú Kò Rí
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka, Ọlọ́runṣògo)



Nígbà ogun Hitler, wọ́n kó àwọn ọmọ wa lọ jà ní Bọ́mà. Láti inú ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa ni ilé ìwòsàn egungun Igbóbì l'Ékòó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú ńkọ́? Lántòrò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n kó wọn lọ ní 1944, ibi tí ó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ó di 1954 kí Dókítà Adéoyè Lambo tó dé Arò, tí ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa bá ẹbí wọn gbé ní abúlé, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun. Ní 1991, Amẹ́ríkà kó ọmọ ogun tó 700,000 lọ bá Iráàkì jà nítorí Kuwait. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀pọ̀ wọn ní ara ń ro àwọn, ó ń rẹ àwọn, àwọn kò rántí nǹkan mọ́. Àwọn kan ní ìrònú lásán ni. Wọn kò dákẹ́. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan títí ìjọba fi ṣòfin ní 1998 pé kí a yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, kí àwọn ológun fẹ̀yìntì sì wà nínú rẹ̀. Ní 2008 ìgbìmọ̀ náà jábọ̀: àìsàn gidi ni, ó mú ó kéré tán ẹnì kan nínú mẹ́rin. Ohun tí ó fà á ni oògùn oníhóró tí wọ́n fún wọn nítorí gáàsì olóró, àti oògùn apakòkòrò.

Oògùn apakòkòrò! Ṣé ó ṣàjèjì sí wa? A ń fín in sí kòkó, a ń fín in sí ilé ìkẹ́rùsí, a sì ń fi ọkọ̀ gbé e.

Ẹ̀yin ará, ìwádìí kì í dédé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń ṣàìsàn ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òfin owó gbà-máà-bínú ti 2010 kò kan ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ó kan àwa. Ó ní kí òṣìṣẹ́ tí ó fara pa, tàbí tí iṣẹ́ kó àrùn ràn, sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14. Kí ọ̀gá sì fi tó àjọ NSITF létí láàrin ọjọ́ 7. Ìdààmú ọkàn láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, orúkọ oògùn, ibi tí ó ń dùn yín. Ẹ fún akọ̀wé ẹ̀ka ní ẹ̀dà kan. Bí ọlọ́dẹ géètì tí ó ja ogun Láíbéríà bá sì ń ta gìrì lójú oorun, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ogun ló ṣe é.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.