Apá Ẹ̀yìn Ọ̀kadà Akẹ́rù Oko: Bí A Ṣe Lè Ṣe É Láìséwu

Ọ̀rọ̀ ti òní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn kòkó. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tí ń ru irè oko yín dé ẹ̀bá títì ni, pàápàá irin ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó di táyà mú, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní swing arm. Apá ẹ̀yìn ni a ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Títì ọlọ́dà tí ó ti Òṣogbo wá gba Ìkìrun, ó gba Ìníṣà àti Òkukù kí ó tó forí lé Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n oko kò sí létí títì. Ọ̀nà tóóró ni ó lọ sí ọ̀pọ̀ abà, àgbàrá sì ti wa á ní kòtò. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í fẹ́ wọ ibẹ̀ nígbà òjò, ọ̀kadà ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ẹrù náà. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan tí ó gba lítà 25 wúwo tó kílò 23, láìka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Mẹ́rin ti di kílò 92. Àpò kòkó kan sún mọ́ kílò 64, méjì ti ju kílò 120 lọ. Ẹ wá fi ẹni tí ń wa ọ̀kadà kún un, àti ẹni kejì tí ó gun orí àpò. Gbogbo ìwúwo yìí ni kòtò ọ̀nà ń gbé sókè tí ó sì tún ń jù sílẹ̀, láìmọye ìgbà kí a tó dé ọjà. Orí apá ẹ̀yìn ni ó ń já lé.

Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé apá yìí máa ń sán, tàbí kí ó tẹ̀, tàbí kí ìpẹtà jẹ ẹ́ láti inú. Nígbà náà ni a ó gbé e tọ àwọn tí ń jó irin lọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dúró kí ó bàjẹ́. Wọ́n fẹ́ kí a fà á gùn kí àyè ẹrù lè pọ̀, kí táyà iwájú má sì máa gbéra nílẹ̀ bí ẹrù bá wúwo lẹ́yìn. Bóyá ẹ̀yin náà ti rí irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ apá ẹ̀yìn? Iwájú rẹ̀ wà lára férémù lórí irin kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ó ti ń lọ sókè sódò bí ilẹ̀kùn tí ń ṣí lórí ìdè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó fi di táyà mú. Àwọn ṣọ́ọ̀kì méjèèjì gùn lé e. Ṣéènì ń fà á síwájú nígbàkígbà tí a bá fi iná sí ọ̀kadà. Bí a bá tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, apá yìí kan náà ni bíréèkì ń fi ṣe òpó tí ó dì mú. Ẹ rí i pé kì í ṣe irin ìgbẹ́rù lásán. Bí irin ìgbẹ́rù bá ṣẹ́, ẹrù ni yóò dà sílẹ̀. Bí apá ẹ̀yìn bá ṣẹ́ lórí eré, táyà yóò yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣéènì yóò há mọ́ ọn, ẹni tí ń wà á kò sì ní rí nǹkan kan ṣe.

Ní ti fífà á gùn, èmi kò fara mọ́ ọn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ká ní láti ìdè iwájú dé àárín táyà jẹ́ sẹ̀ntímítà 45, ẹ wá fi 15 kún un, ó di 60. Bí ẹ kò bá sún ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì kúrò níbi tí ó wà, tí ẹrù sì tẹ̀lé táyà lọ sẹ́yìn, ìnira tí yóò bá ṣọ́ọ̀kì àti irin náà yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹrù kò sì tíì pọ̀ sí i rárá. Bí ẹni tí ó gbé odó sí orí igi gígùn ni, tí ó di ìdí igi mú: bí odó bá ṣe jìnnà sí ọwọ́ tó ni yóò ṣe wúwo tó. Òótọ́ ni pé táyà iwájú yóò túbọ̀ dúró nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà náà kò ní rọrùn láti yí ní ọ̀nà tóóró mọ́, a ó sì tún di ẹrù mìíràn lé àyè tuntun yẹn. Ẹ̀yin náà mọ ara yín.

Ní àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Honda ti Japan rán onímọ̀ ẹ̀rọ lọ sí Thailand, Iran àti Pakistan láti wo bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣe ń lo alùpùpù. Ohun tí wọ́n rí ni èyí tí ẹ mọ̀: ẹrù pọ̀ jù, ìtọ́jú kéré jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ronú kan CG125 tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀. Àwọn tí ó ṣe ọ̀kadà kò ṣàì mọ̀ pé a ó di ẹrù lé e, wọ́n sì ti díwọ̀n gígùn apá náà mọ́ ṣọ́ọ̀kì àti férémù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra apá ojúlówó bí ó bá wà, tàbí kí ẹ ṣe òmíràn tí gígùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹrù bá ju agbára ọ̀kadà lọ, kí ẹgbẹ́ dá owó ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akẹ́rù.

Bí ó bá di dandan pé kí a ṣe é, irin ni kí a kọ́kọ́ wò. Páìpù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe géètì àti ojú fèrèsé fẹ́lẹ́ jù, ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ tàn yín. Ẹ gé ògbólógbòó apá wò, ẹ wọn bí ara rẹ̀ ṣe nípọn tó, kí tuntun má ṣe fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Páìpù omi tí a fi síǹkì bò kò dára fún un. Èéfín síǹkì náà máa ń dá ibà sí ẹni tí ń jó o lára. Irin tí ìpẹtà ti jẹ ní inú, kí a má lò ó, bí òde rẹ̀ tilẹ̀ mọ́.

Ẹ tú apá náà kúrò lára ọ̀kadà pátápátá kí iná tó kàn án. Jíjó irin lára ọ̀kadà tí epo bẹntiróòlù ṣì wà nínú táǹkì jẹ́ fífi ikú ṣeré, iná náà sì lè ba bátìrì àti àwọn ohun èlò iná rẹ̀ jẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù ni ìdíwọ̀n. Ojú nìkan kò tó o. Kí á ṣe férémù ìdíwọ̀n kan: irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn, tí ó tẹ́ dáadáa, tí a gbé ọ̀pá irin gígún méjì dúró lé lórí. Ọ̀kan yóò gba inú ìdè iwájú kọjá, ìkejì yóò gba ojú ihò tí ọ̀pá àárín táyà ń gbà. Bí apá bá wà lórí rẹ̀, ẹ wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ wọn ti òsì; kí méjèèjì bá ara wọn mu. Lẹ́yìn náà ẹ wọ̀n ọ́n ní ìdábùú, láti igun ọ̀tún iwájú sí igun òsì ẹ̀yìn, kí ẹ sì yí i padà. Bí ìdábùú kan bá fi mílímítà 2 péré ju ìkejì lọ, ẹ tún un ṣe. Owó férémù yìí lè wúwo fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe ẹyọ kan kí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń lò.

Kí ẹni tí ń jó o fi iná tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan ná, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, kí ó tó wá jó o délẹ̀. Kí ó máa lọ láti ọ̀tún sí òsì, nítorí ooru máa ń fa irin wọ́. Ẹlẹ́kitiróòdù tí ọ̀rinrin ti wọ̀ kò dára, inú oorùn tàbí ẹ̀gbẹ́ iná ni kí ó ti gbẹ. Bí a bá fẹ́ so irin méjì pọ̀, kí a ti irin kékeré kan bọ inú méjèèjì kí a tó jó o, kí ojú ìsopọ̀ má sì ṣe bọ́ sí àárín apá níbi tí ìnira ti pọ̀ jù. Fún ìfikún agbára, igun mẹ́ta ni ó dára jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1928 ni Philip Vincent ti ń fi irin onígun mẹ́ta ṣe ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ọgbọ́n náà kò sì tíì gbó. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a dá bùú igun a máa ṣiṣẹ́ ju irin ńlá tí a kàn lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ẹ má ṣe da omi sí i kí ó lè tètè tutù. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé oníbàárà ń kánjú. Irin tí a fi omi pa iná rẹ̀ a máa le, ṣùgbọ́n a máa ṣẹ́ bí àwo. Kí afẹ́fẹ́ tù ú. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lọ ojú ibi tí a jó títí yóò fi dán, nítorí ẹran ibẹ̀ ni agbára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ohun tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò bò ó kí ó tó kùn ún ní ọ̀dà.

Ìsopọ̀ bíréèkì ńkọ́? Ọ̀pá kan wà tí ó so ilé bíréèkì ẹ̀yìn mọ́ apá, kí ilé náà má bàa yí pẹ̀lú táyà. Àwọn kan máa ń gbàgbé rẹ̀, àwọn mìíràn a fi wáyà dè é. Lọ́jọ́ tí a bá tẹ bíréèkì gidi, ilé bíréèkì yóò yí, táyà yóò gbá dúró lójijì. Ọ̀pá odindi ni kí a lò, kí a má so ó ní àárín, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì ní pínnì. Ṣéènì náà, kí ó jẹ́ odindi tuntun. Ṣéènì àtijọ́ tí a so mọ́ tuntun kì í jẹ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì dọ́gba. Ní ìdè iwájú, ẹ lo irin ojúlówó, ẹ má fi irin kọnkéré rọ́pò rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ búùṣì tí ó ti jẹ, kí ẹ sì fi gíríìsì sí i.

Kí ọ̀kadà tó ru ènìyàn, àpò iyẹ̀pẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ rù. Ẹ di iye tí ẹ ń rù lé e, ẹ tì í lórí ìdúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè sódò, kí ẹ wò ó bóyá táyà ń kan nǹkan. Lẹ́yìn náà ẹ wà á jẹ́jẹ́ ní pápá. Ẹ gba inú omi díẹ̀ kọjá bọ́ sí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ lọ tààrà: ipa táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gun orí ipa ti iwájú. Bí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá náà wọ́, ẹ gbé e padà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ nu ojú ibi tí a jó mọ́, ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ pa á, jìnnà sí iná. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ẹfun kùn ún. Bí ó bá ti sán níbì kan, kẹrosíìnì yóò yọ jáde láti inú ibẹ̀, yóò sì ya ìlà dúdú lára ẹfun. Ẹ máa ṣe é lóṣooṣù ní àsìkò kòkó. Ọ̀kadà tí ó bá ní ìlà yẹn, ẹ má ṣe rìn ín dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń jó irin. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ gbé e sí.