Iyanrìn Kọ́ Ló Ń Rìn Bọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìsọdaṣálẹ̀



Bí a bá ti pe ìsọdaṣálẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń rò ni pé Sàhárà ti dìde, ó ń da iyanrìn bo ìlú kan tẹ̀lé òmíràn bọ̀ wá sí gúúsù. Àwọn onímọ̀ náà rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1975, Hugh Lamprey yẹ ilẹ̀ Sudan wò, ó fi ohun tó rí wé àwòrán ilẹ̀ 1958, ó sì ní aṣálẹ̀ ń sún síwájú ní nǹkan bíi kìlómítà 5.5 lọ́dún. Ìròyìn náà tàn káàkiri. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ọ̀dá ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Sàhẹ́lì (etí gúúsù Sàhárà) ní 1968 ló wo ilẹ̀. Nígbà tí Compton Tucker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sátẹ́láìtì ṣọ́ etí Sàhárà láti 1980 sí 1990, wọ́n rí i pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ ni: òjò dá, ó sún sí gúúsù, òjò rọ̀, ó padà sẹ́yìn.

Kí wá ni ìsọdaṣálẹ̀? Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fẹnu kò sí ní Paris ní 1994 kò mẹ́nu ba iyanrìn nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tó ń ṣá níbi tí òjò kò ti pọ̀ ló sọ̀rọ̀ bá, yálà ojú ọjọ́ ló fà á tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn. Àgbẹ̀ tó ní "ilẹ̀ yìí ti ṣá" sún mọ́ ọn ju ọ̀pọ̀ oníwèé ìròyìn lọ. Nítorí náà, ọ̀gbun tí àgbàrá gbẹ́ sí Ìbàdàn, níbi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, kì í ṣe ìsọdaṣálẹ̀ lójú àdéhùn náà, bó ti wù kó burú tó. (Aubréville, onímọ̀ igbó ará Faransé tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di mímọ̀ ní 1949, ì bá jiyàn: ilẹ̀ tó ń rí òjò, àmọ́ tí wọ́n ń gé igbó rẹ̀, tí wọ́n ń dáná sun ún, wà lára ohun tó ní lọ́kàn.)

Ìtumọ̀ tí a bá dì mú ló ń sọ ibi tí owó máa lọ. Ẹni tó gbà pé iyanrìn ń bọ̀, odi ló máa fẹ́ mọ. Bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe gbé ètò Ògiri Aláwọ̀ Ewé kalẹ̀ ní 2007: igi tó máa tò láti Senegal dé Djibouti, bíi kìlómítà 8,000. Wọ́n ti ń yí i padà sí ìtọ́jú ilẹ̀ báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Igi tí kò ní olùtọ́jú, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Maradi àti Zinder, lórílẹ̀-èdè Niger, ọ̀mùnú tó ń yọ lára kúkùté àtijọ́ ni àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú láti àwọn ọdún 1980. Wọ́n fẹ́ràn igi gao: ìgbà òjò ló ń wọ́wé, kì í ṣíji bo ọkà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé, ẹran á rí jẹ. Igi ti padà sórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Tẹ́lẹ̀, òfin tí Faransé fi sílẹ̀ sọ pé ìjọba ló ni igi, kò sì sídìí tí àgbẹ̀ fi máa tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbà tí àwọn aṣọ́gbó dẹwọ́, tí àgbẹ̀ sì ń rí igi oko rẹ̀ bíi tirẹ̀, ni nǹkan yí padà.

Ìpínlẹ̀ 11 ní òkè Ọya ni ètò ògiri náà kàn ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin aṣòfin tó bá wà níbí, kí ẹ tó buwọ́ lu owó igi gbígbìn míràn, ẹ kọ́kọ́ lọ bi àgbẹ̀ Kàtsínà pé: igi tó bá lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ lóko rẹ, ta ni òfin sọ pé ó ni ín?