Ìràwọ̀ Ńlá àti Gáàsì Tó Ń Tú Jáde Lára Rẹ̀



Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Kumasi lọ sí Accra, bó bá ku díẹ̀ kó dé, tòsí Kuntunse ló ń gbà kọjá. Àwo ńlá kan wà níbẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32. Ìpè tẹlifóònù tó ń gba orí sátẹ́láìtì ni wọ́n kọ́ ọ fún ní 1981. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ Ghana àti ti South Africa sọ ọ́ di awò rédíò tí ń gba ìgbì láti ojú ọ̀run. Nana Akufo-Addo, tó jẹ́ ààrẹ Ghana nígbà náà, ló ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, 2017.

Lára ohun tó kọ́kọ́ gbà ni ìgbì tó ń ti ara kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ methanol jáde. Karl Menten, ọmọ Jámánì, ló ṣàwárí irú ìgbì yìí ní 1991, lórí 6.7 gigahertz. Methanol a máa dì mọ́ eruku ojú ọ̀run bíi yìnyín. Bí ooru ìràwọ̀ tuntun bá kàn án, á di gáàsì, ìtànṣán ìràwọ̀ náà á sì mú kí ìgbì rẹ̀ le kíkankíkan. Ibi tí ìràwọ̀ tó wúwo ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ ti ń dàgbà nìkan la ti ń bá a. Sharmila Goedhart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hartebeesthoek, South Africa, rí i pé ti G9.62+0.20, ọ̀kan lára irú ibi bẹ́ẹ̀, a máa le sí i ní nǹkan bí ọjọ́ 244 síra wọn. Ohun tó ń fà á ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nípa irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ìràwọ̀ ńlá kì í sábà dá nìkan bí. Inú ìkùukùu gáàsì kan náà ni òun àti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ti ń jẹun. Gáàsì tó ń wọlé bọ̀ kì í já lé e tààrà; ṣe ló ń yí i po. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì á gba díẹ̀ nínú rẹ̀, á fi í sọ̀kò síta lókè àti nísàlẹ̀, pẹ̀lú eré tó lè ju kìlómítà 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ti ń lọ ló ń gbá gáàsì tó wà níwájú, títí ohun tó gbá lọ fi lè wúwo ju ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ ni, tó ń jẹ, tó sì ń ta ìkòkò nípàá kí àwọn àbúrò tó bu tiwọn. Bí ìràwọ̀ náà bá wá gbóná tán, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á mú gáàsì tó kù gbóná dé nǹkan bí dígírì 10,000, gáàsì náà á wú, á fọ́nká. Èyí wà lára ìdí tí èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì ìkùukùu bẹ́ẹ̀ kì í fi í di ìràwọ̀.

Àwọn kan ní gáàsì tó ń tú jáde yìí ló ń fún ìkùukùu pọ̀ níbòmíì, kí ìràwọ̀ mìíràn lè bí. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, èyí tó ń tú ká ju èyí tó ń bí lọ.

Ètò ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní DARA, tí Melvin Hoare ti Yunifásítì Leeds ṣáájú rẹ̀, ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ghana níṣẹ́ awò rédíò bíi ti Kuntunse. Ìràwọ̀ ńlá gan-an ni Hoare fúnra rẹ̀ ń ṣèwádìí. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní físíìsì lòun fẹ́ kà, ẹ má sọ fún un pé kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kà á, kó sì lọ sí Kuntunse lọ béèrè bí òun ṣe lè bá wọn ṣiṣẹ́.