Káńsẹ́lọ̀ Wọ́ọ̀dù Wa Dà?



Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù ni mo bá wá. Nínú wọ́ọ̀dù 203 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mẹ́ta ni ti Ìlútítun, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tí ilé baba yín wà? Ọ̀pọ̀ wa tó mọ orúkọ gómìnà àti ti mínísítà ni kò mọ ti káńsẹ́lọ̀. Ó dùn mí.

Òfin Nàìjíríà ti 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, títì àdúgbò, gọ́tà, ìdọ̀tí, itẹ́ òkú, ó tún ní kí wọ́n kópa nínú ètò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Ẹ wá wo ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ máa ń dáwó fún: kànga, gọ́tà, òrùlé ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ rere ni, kí ẹnikẹ́ni má dáwọ́ dúró. Àmọ́ owó òógùn wa ni a fi ń ṣe iṣẹ́ tí owó ìjọba wà fún, a kì í sì í bi ẹnikẹ́ni pé owó ìjọba ọ̀hún dà.

Àǹfààní láti béèrè ti wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àti pé káńsù tí aráàlú dìbò yàn nìkan ló gbọ́dọ̀ máa ná an. Ní oṣù Kìíní 2025, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Oǹdó, APC sì gba ipò alága méjìdínlógún lápapọ̀. Ẹgbẹ́ yòówù kí a máa ṣe, káńsẹ́lọ̀ kò ní wá ṣírò iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò pè é.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín ńkọ́? Òfin Nàìjíríà kò tíì gba ará òkè òkun láyè láti dìbò sílé. Ṣùgbọ́n nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún 18, tó ní ìwé ìgbélùú, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, lè dìbò yan káńsẹ́lọ̀ níbi tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò dìgbà tó bá di ọmọ onílùú. Láti 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò níbi ìdìbò. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà aláwọ̀ ewé wa tó fún un. Ilé káńsù, ilé ìkàwé, pápá tí ọmọ yín ń ṣeré, ọwọ́ káńsù ló wà, a sì ń san owó orí káńsù lóṣooṣù. Ẹni tó ń san án tí kò dìbò ti fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kó ṣe é lórí fóònù rẹ̀ kí a tó tú ká lónìí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì kọ lẹ́tà sí káńsẹ́lọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń ṣojú Ìlútítun, kó bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún yìí, kí a tó tún dáwó kankan.