Ẹjọ́ Ìgbà Èwe àti Ìwé Àṣẹ Ìbọn



Àwọn ọmọ wa tí ń dáko tí wọ́n sì ń ṣọdẹ ní ilẹ̀ àjò yìí ń béèrè pé: ẹni tí wọ́n gbé dé kóòtù ọmọdé rí nítorí ìjà, ǹjẹ́ ó lè gba ìwé àṣẹ ìbọn?

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ni a ṣì ń lò. Fún ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ni àṣẹ. Kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí a dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 tó kọjá.

Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 wí pé a kò gbọdọ̀ pe ẹjọ́ ọmọdé ní ìdálẹ́bi. Àṣírí sì ni àkọsílẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, èyí nìkan kò fi dáni lójú pé ẹjọ́ èwe kò lè dí ọ̀nà. Ọlọ́pàá lè wádìí ìwà ẹni, wọ́n sì lè kọ̀.

Bí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ má purọ́. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ràn lọ lọ́yà. Ẹ má ra ìbọn ní kọ̀rọ̀: ìtanràn 20,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì, ni èrè rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú sọ ọmọ tó ti yíwà padà di ọ̀daràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.