Òṣùwọ̀n Kejì

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a kò kìlọ̀ fún pé kí ó má purọ́, kò sì sí àgbà tí kò gbọ́ ọ rí pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a ń pa fún ẹlòmíràn ni ìkìlọ̀ wọ̀nyí sábà máa ń dá lé. Irọ́ tí ènìyàn ń pa fún ara rẹ̀ kì í pariwo, kò sì ní ẹlẹ́rìí. Bóyá ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tètè fura sí i.

Ẹ wo oníṣòwò gàrí tí ó fi nǹkan tẹ́ ìdí kóńgò rẹ̀, kí ó má baà gba iye tí ó yẹ kí ó gbà. Olè ni, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, nígbà tí òun náà bá fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ará oko, kóńgò tí ó pé ni ó ń mú dání. Ó mọ èyí tí ó pé, ó mọ èyí tí ó dín. Ó rẹ́ oníbàárà jẹ, ṣùgbọ́n kò tan ara rẹ̀ jẹ: òṣùwọ̀n òtítọ́ wà nílé rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jí ìwé wò nínú ìdánwò kò ní irú òṣùwọ̀n kejì bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ni kóńgò tí ó yẹ kí ó fi wọn ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fọ́ ọ. Bí wọ́n bá fún un ní 70 nínú ìṣirò, kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ ju bí ó ti rò lọ. Kò ní mọ̀ bẹ́ẹ̀ láé. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, yóò máa sọ fún ènìyàn pé òun mọ ìṣirò púpọ̀ nígbà tí òun wà ní ilé-ìwé, òun pàápàá yóò sì gbà á gbọ́.

Ní 1977, ìbéèrè ìdánwò WAEC jáde ní Nàìjíríà kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Expo ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu. Ní 1984, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó lè sọ onímàgòmágó ìdánwò sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Òfin mìíràn dín in kù ní 1999. Lónìí, JAMB ń gba ìtẹ̀ka ẹni tí ó wá ṣe ìdánwò rẹ̀. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ni ìtẹ̀ka lè sọ. Kò lè sọ ohun tí ẹni náà gbà nípa ara rẹ̀.

Kì í ṣe ọmọ nìkan ni ó jẹ̀bi. Bàbá tí ó ta kòkó sanwó ilé-ìwé kì í sábà béèrè ohun tí ọmọ mọ̀. Èsì ni ó ń béèrè. Àwọn òbí kan a tilẹ̀ sanwó fún ẹni tí yóò bá ọmọ wọn ṣe ìdánwò, wọn a sì pe èyí ní ìfẹ́. Ìfẹ́ tí ń sọ fún ọmọ pé a kò gbẹ́kẹ̀ lé e!

Ti olùkọ́ ni ó ṣòro jù. Ọmọ kan béèrè ohun tí olùkọ́ kò mọ̀. Kíláàsì dákẹ́. Ìtìjú mú olùkọ́, nítorí àgbà kì í fẹ́ kí ọmọdé rí àìmọ̀ òun. Ó wá sọ ohun kan tí ó jọ ìdáhùn. Ogójì ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé, wọn yóò sì gbé e dé ibi tí olùkọ́ náà kò lè dé láti lọ tún un ṣe. Èyí tí ó bá fura nínú wọn ti kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn: pé bí àgbà ti ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò lè jẹ́wọ́ àìmọ̀ tirẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ ti ẹlòmíràn? Ní ìparí ọdún, ó mọ̀ pé ọmọ kan kò lè ka ojú-ìwé kan já, síbẹ̀ "Ó ń gbìyànjú" ni ó kọ sínú ìwé èsì. Àánú ni ó pè é. Òbí gbà á gbọ́, wọn kò wá ìrànlọ́wọ́, ọdún kan sì ṣòfò lórí ọmọ.

Olùkọ́ mìíràn wà tí yóò sọ pé, "N kò mọ èyí." Yóò kọ ìbéèrè náà sí igun pátákó, yóò ní kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́. Kíláàsì lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó lè bá ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta tí àwọn ọmọ ti kọ sábẹ́ ìbéèrè náà, kí ẹni tí ó kọ ọ̀kan nínú wọn sì fi kún un pé: "Kò dá mi lójú."